Kí ló dé tí wọ́n fi ń kó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí aṣálẹ̀, ṣé èyí tó bá ti débẹ̀ tún lè fò?

Ará Phoenix béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona ni mò ń gbé, iṣẹ́ sì máa ń gbé mi lọ sí Tucson lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Bí mo bá ti ń sún mọ́ Marana lójú ọ̀nà I-10, ohun kan wà ní apá ọ̀tún mi tí mo kọ́kọ́ rò pé abúlé ni. Àfi ìgbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sórí rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ìrù ọkọ̀ òfuurufú ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí wọ́n tò sórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà bá to ìgò epo sórí pẹpẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yà kúrò lójú títì, mo wa mọ́tò lọ sí ẹ̀bá wáyà tí wọ́n fi yí ọgbà náà ká. Ọkọ̀ ńlá kan wà nítòsí mi. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín rẹ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe tàn sí i ní ẹ̀gbẹ́, ojú àwọn lẹ́tà náà ṣì hàn lábẹ́ ọ̀dà. Wọ́n ti fi ohun kan tó ń dán bíi fàdákà bo gbogbo fèrèsé rẹ̀. Níbi tó sì yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ìyẹ́, kọnkéré onígun mẹ́rin ni wọ́n so rọ̀ síbẹ̀. Mo dúró wò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú, n kò sì gbọ́ ìró kankan ju ti afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ló dé tó jẹ́ aṣálẹ̀ ni wọ́n yàn? Ta ni ó ń ra ọkọ̀ tí owó rẹ̀ tó báyẹn, tí yóò tún wá gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn? Èyí tó sì ká mi lára jù ni pé màmá mi ń bọ̀ láti Èkó nínú oṣù Kejìlá, ọmọ mi ọkùnrin sì bi mí bóyá ọkọ̀ tí ìyá àgbà yóò wọ̀ ti gbé inú aṣálẹ̀ yìí rí. N kò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ kí ó là mí lóye.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ dáhùn pé:

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú ni mo ń ṣe, mo sì lo ọdún mẹ́ta ní ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìpamọ́ tó wà ní gúúsù California, nítorí náà ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni n ó sọ.

Ibi tí ẹ rí yẹn ni Pinal Airpark. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní wíwa ọkọ̀ òfuurufú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọgbà yòókù ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibùdó ọmọ ogun òfuurufú ni Roswell ní New Mexico jẹ́ títí di 1967, ibùdó ọmọ ogun sì ni Victorville ní California títí tí ìjọba fi tì í ní 1992. Nígbà tí àwọn ológun kó jáde, wọ́n fi ojú ọ̀nà ìgbéra tó gùn sílẹ̀, ti Roswell tilẹ̀ tó bíi kìlómítà mẹ́rin, pẹ̀lú ilẹ̀ rẹpẹtẹ tí kò sí ẹni tó ń du ú. Ọkọ̀ tó tóbi jù láyé lè balẹ̀ níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí oòrùn nìkan ni, wọn kò mọ̀ pé bí kò bá sí àwọn ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn, bóyá ni ẹnikẹ́ni ì bá ronú kan ibẹ̀.

Ní ti ojú ọjọ́, omi ni ọ̀tá ọkọ̀ òfuurufú, pàápàá omi tí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Alumíníọ́mù kì í dípẹtà pupa bí irin, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn tirẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun kan ló máa ń hù jáde ní ìdí àwọn ìṣó àti lábẹ́ ọ̀dà, níbi tí ojú kò tó, yóò sì máa jẹ irin náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní Tucson, òjò ọdún kan kì í sábà ju 300 mílímítà lọ. Ní Èkó, ó máa ń tó 1,500 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn òkun sì tún ń fẹ́ iyọ̀ lé e lórí. Ẹ fi ọkọ̀ méjì tí wọ́n jọ ti ilé-iṣẹ́ kan náà jáde lọ́jọ́ kan náà sí ìlú méjèèjì yìí fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ wá wo ìyàtọ̀ tí yóò wà láàárín wọn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tún le. Ní agbègbè Tucson, ìpele kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní caliche, tí ó gan bíi kọnkéré, débi pé ọkọ̀ tó wúwo lè dúró lé e lórí láìrì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da sìmẹ́ńtì síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ológun fi sọ Davis-Monthan, tó wà ní ẹ̀bá Tucson gan-an, di ibi ìpamọ́ wọn láti 1946, tí ọgbà náà sì gbòòrò tó 2,600 éékà lónìí. Àwọn ènìyàn wa máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn kò kó wọn lọ sí Sàhárà nígbà náà. Aṣálẹ̀ yàtọ̀ sí aṣálẹ̀. Yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri a máa ha ojú ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí ènìyàn fi bébà oníyanrìn gbo igi. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ tí a fi pamọ́ nílò àwọn mẹkáníìkì tó ní ìwé àṣẹ, ó nílò ẹ̀ṣọ́, ó sì nílò kí ẹni tó fẹ́ rà á tàbí ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ kan máa ń wọlé tí a ó kàn tì í pa, tí a ó sì máa lọ. Ọjọ́ tó bá dé ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. A ó fọ̀ ọ́ mọ́ kí iyọ̀ òkun tó bá a wá lè kúrò lára rẹ̀. A ó fa omi inú táǹkì àti ti ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. A máa ń fi epo díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyẹ́, ṣùgbọ́n a ó da oògùn sí i, nítorí pé àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan wà tó ń gbé ní ààlà àárín epo àti omi, tí wọ́n máa ń sọ ìsàlẹ̀ táǹkì di bí ẹ̀kọ tó ti bu. A ó so àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, a ó sì fi ìbòrí dí i níwájú àti lẹ́yìn. Ojú kékeré kan wà lára ìbòrí náà tí a lè yọjú wò, a sì máa ń fi káàdì kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù nígbà tí inú ẹ́ńjìnnì bá gbẹ, tí yóò sì di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọ̀rinrin bá ti wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó mú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n máa lọ láti ẹ́ńjìnnì dé ẹ́ńjìnnì, kí n máa yọjú wo káàdì. Bí ọ̀kan bá ti pọ́n, gbogbo àpò inú rẹ̀ ni a ó pààrọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń dán bíi fàdákà tí ẹ rí lójú fèrèsé wà fún oòrùn. Ooru aṣálẹ̀ kò fẹ́ràn ohun tí a fi rọ́bà ṣe, kò sì fẹ́ràn aga àti ike inú ọkọ̀. A máa ń bo táyà pẹ̀lú, a sì máa ń yí wọn láti ìgbà dé ìgbà, torí pé táyà tó bá dúró sójú kan pẹ́ lábẹ́ ẹrù yóò tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìdí, kò sì ní yípo dáadáa mọ́. Àwọn apá ìyẹ́ tó ń lọ sókè sódò, a ó máa gbé wọn. Kọnkéré tí ẹ rí kì í ṣe ohun ìyanu: ẹ́ńjìnnì wúwo, bí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọn kò fi nǹkan dípò rẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní dúró déédéé mọ́, afẹ́fẹ́ líle sì lè gbé e yẹ̀.

Ejò wà níbẹ̀ o, irú èyí tó ń mi ìrù bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn òjìji abẹ́ táyà. Ní 2021, àwọn oníṣẹ́ Qantas, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Australia, tó ń tọ́jú àwọn A380 wọn, irú ọkọ̀ èrò tó tóbi jù láyé, ní Victorville sọ fáyé pé ọ̀pá ìgbálẹ̀ ni àwọn fi ń lu táyà kí àwọn tó sún mọ́ ọn, kí ejò àti àkeekèé lè sá jáde. Àwa náà ní ọ̀pá tiwa.

Ọmọ Èkìtì ní Dublin dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Ọmọ Alágbẹ̀dẹ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó kan owó, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ará Phoenix, orúkọ tí ẹ bá rí lára ọkọ̀ kò fi dandan jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Bí ìdajì àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò káàkiri ayé ló jẹ́ pé yíyá ni wọ́n yá wọn, Ireland níbí sì ni òwò náà ti fìdí múlẹ̀ jù, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ GPA sílẹ̀ ní Shannon ní 1975. Bí àdéhùn ọdún mẹ́jọ tàbí méjìlá bá parí, ẹni tó yá ọkọ̀ yóò dá a padà, ẹni tó ni ín yóò sì wá ibi tí yóò gbé e sí títí tí ayálò mìíràn yóò fi dé. Ìdí tí wọ́n fi ń kun orúkọ pa nìyẹn, ó dà bí ìgbà tí onílé bá kun ara ògiri lẹ́yìn tí ayálégbé àtijọ́ ti kó jáde. Iyekíye tí ibi ìpamọ́ ní aṣálẹ̀ bá ń gbà lóṣù, ó kéré gan-an sí ohun tí pápákọ̀ òfuurufú ìlú ńlá yóò gbà.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ náà kò gbó rárá, ayé ni kò fẹ́ ẹ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ wo ìtàn A380, nítorí ó dùn mí títí dòní. Singapore Airlines ló kọ́kọ́ fi í kó èrò, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, gbogbo ayé sì ń pariwo rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní 2017, àdéhùn ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn parí, wọ́n sì dá a padà fún àwọn tó ni ín. Wọ́n wá ẹni tí yóò tún un yá, wọn kò rí. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, epo tó ń mu pọ̀, ìrìn àjò tí èrò rẹ̀ lè kún un kò sì tó nǹkan. Wọ́n gbé e lọ sí Tarbes ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tú u palẹ̀, ọkọ̀ tí kò kó èrò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá mọ iye ọ̀nà àti ọgbọ́n tó wà nínú ohun tí wọ́n tú yẹn, omi yóò dé sí i lójú.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọkọ̀ ayé kò fò mọ́, Lufthansa, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Jámánì, kó àwọn A380 tirẹ̀ lọ sí Teruel ní orílẹ̀-èdè Spain, níbi tí ilẹ̀ ga tó 1,000 mítà ju ojú òkun lọ tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Wọ́n ní kò sí ohun tí yóò mú wọn padà. Nígbà tó di 2022, èrò ti pọ̀ ju àga lọ, àwọn ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ti sanwó fún sì pẹ́ kí wọ́n tó dé. Lufthansa yí ọkàn padà, ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 A380 tún ń gbé èrò láti Munich lọ sí Boston. Bí wọn kò bá ti tọ́jú wọn ní gbogbo àkókò yẹn, kí ni wọn ì bá rí gbé jáde? Àwọn A380 Singapore Airlines fúnra wọn, àwọn kan nínú wọn sinmi ní Alice Springs ní àárín gbùngbùn Australia lákòókò kan náà.

Ó tún ní ìgbà tó jẹ́ pé òfin ló dá ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Boeing 737 MAX méjì já, ọ̀kan ní Indonesia ní oṣù Kẹwàá 2018, èkejì ní Ethiopia ní oṣù Kẹta 2019, kò sí ìkankan nínú wọn tó gbé èrò mọ́ níbi gbogbo títí di òpin 2020. Ilé-iṣẹ́ Southwest ti Amẹ́ríkà nìkan gbé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ sí Victorville. Ọkọ̀ tuntun ni gbogbo wọn.

Àwọn tó ti gbó ńkọ́? Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, American Airlines kó àwọn ọkọ̀ MD-80 àtijọ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Roswell, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti jẹ́ ẹṣin iṣẹ́ ilé náà. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹ ronú nípa ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin. Mọ́tò tí kò lè rìn mọ́ lè níye lórí jù bí wọ́n bá tú u, nítorí pé ẹni kan ń wá ẹ́ńjìnnì, ẹlòmíràn ń wá jíà, ẹnì kẹta ń wá iná iwájú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ́ńjìnnì ló gba owó tó pọ̀ jù lára ọkọ̀ òfuurufú tó ti dàgbà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó fi ń balẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ inú yàrá awakọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé gbogbo ẹ̀yà ara tó bá kúrò lára ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń sọ ibi tó ti wá àti iye wákàtí tó ti fò. Èyí tí ìwé rẹ̀ bá sọnù, irin lásán ni, bó ti wù kí ó máa dán tó.

Baba Ìkẹjà dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Àwa náà ní ọkọ̀ tí kò fò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Ìkẹjà kọjá yóò ti rí wọn lẹ́bàá pápá: àwọn ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé ló fi wọ́n sílẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣe ẹjọ́ lórí wọn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ẹni tí yóò jẹ́wọ́ pé òun ló ni wọ́n. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn aláṣẹ pápákọ̀ ti ń kéde pé kí àwọn tó ni wọ́n wá kó wọn kúrò. Nígbà tí wọ́n tú Nigeria Airways ká ní 2003, a mọ̀ pé ọkọ̀ nìkan kọ́ ni a pàdánù.

Mo rántí ọ̀kan tí mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí mo bá ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀. N kò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Ọdún àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni lè gbé e fò bí wọ́n bá tún un ṣe. Wọn kò dí imú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọn kò bo fèrèsé rẹ̀. Ẹyẹ kọ́lé sínú rẹ̀. Ní ọdún kejì, èéhù ti ń bo ìsàlẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, táyà rẹ̀ sì ti jò tán, ó dúró lórí irin. Koríko gùn dé ibi ilẹ̀kùn ẹrù rẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹrin, àwọn kan ti yọ àwọn ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ ní òru, láìsí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi tó wà ní Dublin ti wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ayùn gé e, kẹ̀kẹ́ ẹrù sì kó o lọ.

Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá rí àwòrán aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, a máa ń sọ pé itẹ́ òkú ọkọ̀ nìyẹn. Èmi tí mo rí èyí tó kú lóòótọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò Èkó kọ́ ló pa ọkọ̀ tí mo wí. Bí ẹnì kan bá ti ń lọ sídìí rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe, bóyá ẹnì kan ì bá rà á.

Ará Phoenix fèsì pé:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin yòókù náà ẹ ṣeun. N kò mọ̀ pé ibi tí mo ń gbà kọjá ní ìtàn tó báyìí. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi parí èyí tó kù. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan jáde lẹ́yìn ọdún méjì, ṣé ó ṣeé wọ̀? Ṣé ohunkóhun ti ṣẹlẹ̀ rí nítorí pé ọkọ̀ dúró pẹ́? Kí ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi, màmá mi ni.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, n kò ní fi ohunkóhun pa mọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í tilẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, ọkọ̀ Boeing 757 kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Tọ́kì kan gbéra ní Puerto Plata ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, ó já sínú òkun láìpẹ́, ènìyàn 189 ló sì bá a lọ. Bí ogún ọjọ́ ni ọkọ̀ náà fi dúró kí ó tó gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pá kékeré kan wà ní imú ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀, òun ni awakọ̀ fi ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Àwọn olùwádìí parí èrò sí i pé nǹkan kan ti dí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irú agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé. Wọn kò fi ìbòrí sí i nígbà tó dúró. Ìbòrí kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan kì bọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ka ìròyìn yẹn nílé ẹ̀kọ́, n kò tíì fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ láìfi ọwọ́ kan ìbòrí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ara mi, bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé pé òun ti dí i.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní 2020. Ní oṣù Keje, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ kíákíá pé èyíkéyìí nínú àwọn 737 àtijọ́ tó bá ti dúró fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra títí tí wọn yóò fi yẹ fáàfù kan wò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì kan ti kú lójú òfuurufú nítorí pé fáàfù náà ti jẹ nígbà ìdúró, tí ó há, tí kò sì padé mọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Kò ṣẹlẹ̀, nítorí pé wọ́n tètè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí tí mo fi sọ méjèèjì ni kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó ń kọ wá lóminú kì í ṣe aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti gbé ọdún méjì ní Teruel tàbí Victorville tí wọ́n ń tọ́jú, kì í kàn dìde lọ́jọ́ kan kó èrò. A ó ṣí gbogbo ohun tí a dí, a ó sì máa ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bá ìwé tí a kọ nígbà tí a dí wọn, títí tí iye méjèèjì yóò fi dọ́gba. A ó fa epo jáde láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò, a ó sì gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ láti wò bóyá omi wà nínú rẹ̀. A ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí ọjọ́ wọn ti pé. A ó tan ẹ́ńjìnnì, a ó pa á, a ó tún un tàn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, ti A380 lè gba oṣù. Bí ó bá tó àkókò, àwọn awakọ̀ yóò gbé e fò láìsí èrò kankan nínú rẹ̀. Èmi ti jókòó nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, àga tó ju igba lọ tó ṣófo lẹ́yìn mi, mo sì ń tẹ́tí sí ìró gbogbo títí tí a fi balẹ̀. Bí màmá bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.

Nítorí ọmọ yín, n ó kọ́ yín ní ohun kan tí ẹ lè fi mọ èyí tó ń sùn yàtọ̀ sí èyí tó ń kú, láti ẹ̀bá wáyà. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá fi ìbòrí dí i dáadáa, tí táyà ní ìbòrí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ohun ojú fèrèsé bí oòrùn bá ti jẹ ẹ́, ẹnì kan ṣì ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀. Bí kọnkéré bá ti dípò ẹ́ńjìnnì, ó lè jẹ́ pé wọ́n yá ẹ́ńjìnnì náà fún ọkọ̀ mìíràn ni, ẹ má tíì sunkún. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ bá ṣí sílẹ̀ tí wáyà ń fì jáde, tí apá tó ń yí ọkọ̀ lára ìrù ti lọ, a jẹ́ pé wọ́n ti ń tà á ní ẹyọ-ẹyọ. Bí ẹ bá sì rí àwọn ènìyàn tó ń ṣí ìbòrí kúrò ní imú ọkọ̀, tí ọkọ̀ epo sì dúró nítòsí, ẹ mú àga lọ́wọ́, ó ti fẹ́ jí nìyẹn.

Ará Phoenix fèsì pé:

Mo mú ọmọ mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a sì mú awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni dání. Mo ti sọ fún màmá mi lórí fóònù, ó ní kí n bá òun kí gbogbo yín, pàápàá ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ìbòrí kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ mọ́kànlá ló wà ní ìlà tó sún mọ́ wáyà jù. Ọmọ mi ló ń kà á, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Márùn-ún ní ìbòrí lójú ẹ́ńjìnnì àti lára táyà. Mẹ́rin jẹ́ oníkọnkéré, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí mo kọ́kọ́ rí, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà. Ọ̀kan kò ní ìrù mọ́, wáyà sì ń fì lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Èyí tó kẹ́yìn, ní ìkángun ìlà, ọkùnrin méjì wà lórí àkàbà ẹlẹ́rọ ní iwájú rẹ̀. Ọ̀kan ń bó ohun tó ń dán náà kúrò lójú fèrèsé awakọ̀, èkejì dúró tì í pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, bí ọ̀kan bá ti ń ṣí, òun náà á kọ nǹkan. Ọmọ mi kò gbà kí a lọ títí tí wọ́n fi bó èyí tó kẹ́yìn.